Ìmọ̀ Tí Kò Dé Ọwọ́

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́dún yìí dá lórí bí ènìyàn ṣe ń di ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ṣe lóòótọ́, àti ohun tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni ṣe kí ìmọ̀ tí ó wà ní orí ọmọ lè dé ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́dọọdún ni a máa ń ṣe wọ́límọ̀. Àwọn ọmọ á wọ aṣọ funfun, wọn á wé láwàní, wọn á jókòó níwájú àwọn alfa, wọn á ka Àlùkùránì pẹ̀lú ohùn dídùn, àwọn òbí á sì náwó. Inú wa ń dùn sí i, a kò sì fẹ́ kí ó parẹ́. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí a máa bi ara wa kí ọjọ́ náà tó dé: ọmọ tí à ń ṣe wọ́límọ̀ fún yìí, kí ni ó lè ṣe? Bí wọ́n bá gbé òkú dé lóru, ṣé ó lè wẹ̀ ẹ́ kí ó sì dì í bí ó ti tọ́? Bí ìyá oníṣòwò kan bá ní kí ó bá òun ṣírò sàká ọjà òun, ṣé yóò lè ṣe é? Bí wọ́n bá fún un ní lẹ́tà tí a fi èdè Lárúbáwá kọ, ṣé ó lè fèsì? Bí bàálé ilé kan bá kú, ṣé ó lè pín ogún rẹ̀ láìfi ẹ̀tọ́ opó dù ú?

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ni ẹsẹ̀ wọn máa ń gbọ̀n ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ka ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ti há a sórí, wọ́n sì ti yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún-ròfọ́ ni ọ̀rọ̀ náà já sí. Ẹni tí ó lè ka orúkọ gbogbo èròjà ọbẹ̀ láìsinmi lè má tí ì gbé ìkòkò kaná rí.

OHUN TÍ IBN KHALDUN RÍ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìṣòro òde òní nìkan ni èyí. Ibn Khaldun, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní ìlú Tunis ní ọdún 1332 tí ó sì kú sí Cairo ní ọdún 1406, ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí à ń pè ní Muqaddimah, èyí tí ó kọ ní ọdún 1377. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ̀kọ́ kíkọ́ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn iṣẹ́ ọwọ́ yòókù, ó sì ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Ó lo ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tí ó gbọ́ Lárúbáwá nínú wa mọ̀ dáadáa: malaka. Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tí ó ti wọ ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ṣe é láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri, bí télọ̀ ṣe ń fi okùn sí ojú abẹ́rẹ́ nígbà tí ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Ibn Khaldun fi ìlú wé ìlú. Ó ní ní ilẹ̀ Mòrókò ìgbà náà, ọdún 16 ni a yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gbé ní ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún 5 ni a yàn ní Tunis. Ó ní ohun tí ó fa gígùn ọdún náà ni pé ọ̀nà ìkọ́ni tí ó dára ti ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ó tún ṣàpèjúwe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó síwájú olùkọ́, tí wọn kò la ẹnu, tí wọn kò bi ìbéèrè, tí wọn kò bá ara wọn jiyàn ọ̀rọ̀, àfi kí wọ́n máa há ohun tí ó ju ìwọ̀n lọ sórí. Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti parí, tí a sì ní kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n wá kọ́ni, àìtó wọn á hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n há sórí pọ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ.

Kí ni ó ní kí a ṣe? Ó ní kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ gba inú ẹ̀kọ́ náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, kí ó fún un ní kókó ibẹ̀ ní ṣókí, ní ìwọ̀n tí orí rẹ̀ lè gbà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí ó padà kó àlàyé àti àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ wá síbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ó má fi ibi líle kankan sílẹ̀ láìtú u. Ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi nínà líle kọ́ ọmọ, nítorí ó máa ń sọ ọmọ di òpùrọ́ àti ọ̀lẹ. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí ó ti sọ èyí, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé ìlé-kéwú àdúgbò wa ni ó wò kí ó tó mú kálàmù.

ỌJỌ́ PÍPẸ́ NÌKAN KÒ TÓ

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ọmọ bá ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ní ọdún 1993, Anders Ericsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ta góòjé òyìnbó ní ilé-ẹ̀kọ́ orin kan ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan ilé-kéwú kan góòjé. Ẹ fara balẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi máa pé ọmọ ọdún 18, àwọn tí ó dára jù ti fi wákàtí tí ó lé ní 7,000 dá nìkan kọ́ ọwọ́ wọn. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ti lo wákàtí tí ó lé ní 5,000, àwọn tí ó fẹ́ di olùkọ́ orin sì ti lo wákàtí tí ó lé ní 3,000.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ iye wákàtí náà, wọn kò sì gbọ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Àwọn wákàtí wọ̀nyí kì í ṣe wákàtí tí a fi ń ta orin tí a ti mọ̀. Ibi tí ọwọ́ wọn kò tí ì yọ̀ ni wọ́n ń dojú kọ, lẹ́yìn tí olùkọ́ ti tọ́ka sí i fún wọn. Kí a mú un wá sí ọ̀dọ̀ wa: ọmọ tí ó ń ka Fátíhà pẹ̀lú àṣìṣe kan náà láti ọdún 10 sẹ́yìn ti kà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Kíkà náà kò tún un ṣe. Ṣe ni ó túbọ̀ ń mú àṣìṣe náà le bí òkúta. Alfa tí ó bá dá a dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ó fi ibi tí ahọ́n rẹ̀ yẹ kí ó dé hàn án, tí ó sì ní kí ó tún un pè títí yóò fi já gaara, òun ni ó kọ́ ọ.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A TO Ẹ̀KỌ́

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún wa wà nínú ìtàn tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ọkùnrin kan wọ mọ́sáláásí, ó kírun kánmọ́kánmọ́, ó sì wá kí Ànábì Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì dá a lóhùn, ó sì ní kí ó padà lọ kírun nítorí kò tí ì kírun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èyí ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò mọ èyí tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí Ànábì kọ́ òun. Ìgbà yẹn ni Ànábì tò ó fún un ní sísẹ̀ntẹ̀lé: ìdúró, kíkà, rùkúù, ìdìde, ìforíkanlẹ̀, ìjókòó, kí ara sì balẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ náà gan-an ni a kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú, títí òun fúnra rẹ̀ fi mọ̀ pé òun nílò ẹ̀kọ́. Àlàyé tí ó gbà mọ níwọ̀n, ó wà ní ìtò, ó sì jẹ́ ohun tí yóò lò lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìwàásù wákàtí méjì níbẹ̀.

Láti inú èyí, a lè mú ìlànà mẹ́ta fún kíláàsì wa.

Èkíní, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Kí olùkọ́ tó ṣí ìwé, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: nígbà tí mo bá parí orí yìí, kí ni ọmọ yóò lè ṣe tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀? Bí ó bá jẹ́ orí ọ̀rọ̀ omi ìmọ́tótó, kí ọmọ lè wo garawa omi mẹ́ta kí ó sì sọ èyí tí a lè fi ṣe àlùwàlá àti èyí tí a kò lè fi ṣe é, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gírámà, kí ó lè kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ilé wọn láìṣi àmì òpin ọ̀rọ̀.

Èkejì, kí a jẹ́ kí ọmọ máa fa ìmọ̀ jáde láti orí rẹ̀, kí ó má kàn máa wo ìwé ní àwòtúnwò. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi èyí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Wọ́n fún wọn ní àròkọ láti kà. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan sì pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó tún un kà ni ó ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwọn tí ó pa ìwé dé rántí nǹkan bí 56 nínú 100, àwọn tí ó tún un kà sì rántí nǹkan bí 42. Àwọn baba wa tí wọ́n ń kọ wàláà mọ èyí ní tiwọn. Ọmọ kì í fọ wàláà rẹ̀ àfi bí ó bá ti kà á fún alfa láìwò ó. Bí ó bá ti fọ̀ ọ́ tán, kò sí ibi tí yóò yọjú wò mọ́. Ìdánwò ojoojúmọ́ ni wàláà jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-kéwú lónìí, a ti fi ìwé títẹ̀ rọ́pò wàláà, èyí sì dára, ṣùgbọ́n a gbàgbé láti fi ohun mìíràn rọ́pò ìdánwò tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a máa padà sí ẹ̀kọ́ àtijọ́. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi hàn ní ọdún 1885 pé ohun tí a kọ́ máa ń tètè sá lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni sísá náà máa ń dẹwọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó há Àlùkùránì sórí kì í fi í sílẹ̀ láìmáa tún un kà. Ṣùgbọ́n ṣé a ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìmọ̀ ogún pípín? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń kọ́ ọ, ní ọdún tí ó kẹ́yìn, a ó ṣe ìdánwò, ó parí.

ÌRÀNWỌ́ LẸ́NU IṢẸ́

Nísinsìnyí a dé ibi tí àríyànjiyàn wà. A lè kọ́ ọmọ dáadáa, kí ó sì mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kí ó ṣìṣe ní ọjọ́ iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìdààmú bá a, tàbí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹnìkan dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní àárín iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ pẹ̀lú nílò ohun tí yóò máa ràn án lọ́wọ́ níbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, wọ́n gbé ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan tí ilé-iṣẹ́ Boeing ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wá fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ìlú Dayton kí wọ́n lè dán an wò. Ẹni tí ó wà á, Ployer Hill, kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ náà gbéra, ó já, Hill àti ẹnìkejì kan sì kú. Ohun tí ó fà á ni pé wọn kò tú ohun tí a fi ń de ìrù ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní ìdúró. Ohun kékeré tí gbogbo wọ́n mọ̀ ni. Àwọn awakọ̀ òfuurufú jókòó, wọ́n sì ṣe pélébé ìwé kan tí a to àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ wò sí: kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tí ó bá wà lókè, kí ó tó balẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn kan ti ń sọ pé ó le jù fún ènìyàn láti wà ni wọ́n wá ṣe tí ó lé ní 12,000. Títí di òní, kò sí awakọ̀ òfuurufú ńlá tí yóò gbéra láìka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti fò fún ọgbọ̀n ọdún.

Àwọn dókítà náà kọ́ ọgbọ́n yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwé kan tí ó ní ìlà 19 fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n dán an wò ní ọdún 2007 sí 2008 ní ilé-ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, lára wọn ni Ifakara ní Tanzania, Amman ní Jọ́dánì, àti London. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú 1,000 ènìyàn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, nǹkan bí 15 ni ó ń kú. Lẹ́yìn tí wọ́n lo ìwé náà, ó dín sí nǹkan bí 8. Àwọn ìbéèrè inú rẹ̀ rọrùn púpọ̀: Kí ni orúkọ aláìsàn yìí? Apá ibo ni a fẹ́ là? Ṣé kànìnkànìn àti abẹ́rẹ́ tí a lò pé?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà sọ lílo ìwé yìí di dandan ní ọdún 2010, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2014 lórí ilé-ìwòsàn 101 kò rí àdínkù gúnmọ́ nínú ikú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé fífi àmì sí ìwé nìkan kò tó, bí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ kò bá gbà á tọkàntọkàn, tí a kò sì kọ́ wọn ní bí a ṣe ń lò ó. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ìwé ìrántí kì í sọ òpè di ọ̀gá. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Ní àárín wa pẹ̀lú, ẹ wo ọ̀gá télọ̀ tí ó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù láti ogún ọdún. Ó ṣì ń fi téèpù wọn oníbàárà, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé kò mọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní òun yóò fi orí gba ìwọ̀n ogójì ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ ọdún ni oníbàárà yóò sá fún.

Kí ni Àlùkùránì tí ó wà ní ọwọ́ wa? Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó há a sórí kú ní ogun Yamama, ní nǹkan bí ọdún 633, ni Abu Bakr gba ìmọ̀ràn Umar, tí ó sì pa á láṣẹ fún Zayd ọmọ Thabit pé kí ó kó o jọ sínú ìwé. Zayd fúnra rẹ̀ ti há a sórí, síbẹ̀ kò fi mọ sí orí tirẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn tí kì í ṣe Lárúbáwá pọ̀ nínú Ìsìláàmù, tí àṣìkà sì ń ṣẹlẹ̀, ni àwọn onímọ̀ fi àmì sí i. Wọ́n ní Abu al-Aswad ad-Du'ali ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, al-Khalil ọmọ Ahmad sì mú un dára sí i. Fátíhà, kásírà, dọ́mà àti àmì ibi ìdúró, ìrànwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni gbogbo wọn. Ibi tí ahọ́n ti lè yọ̀ gan-an ni a gbé wọn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, tí ó wà nínú Súrà Bákárà, ń pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹ̀sìn tí ó sọ èyí kò lè ka wíwo ìwé sí àbùkù.

ÀPẸẸRẸ KAN: OGÚN PÍPÍN

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àṣìṣe ti ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní ilé àwọn Mùsùlùmí. Ọkùnrin kan kú. Bàbá rẹ̀ ti kú ṣáájú. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Owó tí ó ní jẹ́ ₦2,700,000. Wọ́n ná ₦100,000 sórí ìsìnkú rẹ̀, ó sì jẹ ènìyàn ní gbèsè ₦200,000. Kò fi àsọtẹ́lẹ̀ kankan sílẹ̀ lórí ohun ìní rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bá bi ní ìbéèrè yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé: ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ nítorí ọmọ wà, ìyá gba ìdá kan nínú mẹ́fà, àwọn ọmọ pín ìyókù, ọkùnrin gba ìlọ́po méjì obìnrin. Wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, nígbà tí àwọn àbúrò òkú ń pariwo, tí opó ń sunkún, ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ pípín láti orí ₦2,700,000, kí a sì gbàgbé ẹni tí òkú jẹ ní gbèsè. Ìsìnkú ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ gbèsè, lẹ́yìn rẹ̀ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kí a tó kan àwọn ajogún. Nítorí náà ₦2,400,000 ni a ó pín. Ìyàwó gba ₦300,000. Ìyá gba ₦400,000. Ó ku ₦1,700,000. A pín in sí ọ̀nà márùn-ún: ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦680,000, ọmọbìnrin gba ₦340,000. Àwọn àbúrò kò gba nǹkan kan nínú rẹ̀, nítorí ọmọkùnrin wà.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí a kọ́ èyí? Kí a fún àwọn ọmọ ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ogún, kí a sì máa yí i padà: kí ọkùnrin má bímọ, kí ìyàwó jẹ́ méjì, kí bàbá wà láàyè. Kí wọ́n máa ṣe é níwájú olùkọ́, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní páálí pélébé kan tí ó ní ìbéèrè mẹ́fà péré ní ìtò: Kí ni ìsìnkú jẹ? Ta ni ó jẹ ní gbèsè? Ṣé àsọtẹ́lẹ̀ wà? Àwọn ta ni ó wà láàyè? Ta ni ó dí ta lọ́nà? Ṣé àròpọ̀ ohun tí a pín bá ohun tí ó wà nílẹ̀ mu? Kí ó wà nínú àpò rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè é.

Ètò ìṣírò ogún wà lórí fóònù nísinsìnyí, a kò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè wádìí bóyá ilẹ̀ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti òkú jẹ́ ti ẹbí. Kò lè mọ̀ bóyá owó tí ó wà ní báǹkì jẹ́ àjọ tí àwọn ènìyàn dá sí i lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní malaka yóò tẹ irọ́ sínú rẹ̀, yóò sì fún un ní irọ́ tí a ṣírò dáadáa.

ÀWỌN TÍ Ó Ń SỌ PÉ ÀBÙKÙ NI

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa ń sọ pé alfa tí ó ń wo páálí níwájú èrò kò mọ̀wé. A bọ̀wọ̀ fún wọn, a sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá: wọn kò fẹ́ kí ọ̀lẹ rí ibi fara pamọ́ sí. A bá wọn gbà pé hífi ohun sórí kò gbọdọ̀ parẹ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lórí, páálí kò lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí wọ́n bá wa wo ẹni tí àṣìṣe náà ń bọ́ lé lórí. Bí alfa bá ṣìṣe nítorí ojú ń tì í láti wo ìwé, opó àti ọmọ òrukàn ni ó ń san owó ìtìjú rẹ̀. Iyì alfa kò tó ohun tí a lè fi ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn rà.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí ìdánwò ìparí ọdún ní apá méjì: èyí tí a fi ẹnu àti kálàmù ṣe, àti èyí tí a fi ọwọ́ ṣe. Kí ọmọ di ère tí a fi aṣọ ṣe bí ẹni ń di òkú. Kí ó dúró ṣe ìmáámù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá gbàgbé rákà kan. Nígbà tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tí ó sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955, ètò tuntun ni ó tò fún ẹ̀kọ́ kéwú ní ilẹ̀ wa, àwọn kan sì bá a jà nítorí rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń jẹ èso ètò náà. Títo ẹ̀kọ́ dáadáa kì í ṣe àdáàdáálẹ̀ tí ó ń ba ẹ̀sìn jẹ́.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá ti ilé-kéwú dé, ẹ má ṣe béèrè súrà tí ó dé nìkan. Ẹ ní kí ó fi ohun tí ó kọ́ hàn yín. Ẹ má sì fi ìkánjú wọ́límọ̀ lé olùkọ́ léré. Ọmọ tí ó fi ọdún kan sí i mọ iṣẹ́ sàn ju èyí tí ó yára gba ìwé ẹ̀rí lọ.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí, ẹ jẹ́ kí a kọ ìtò wíwẹ òkú gàdàgbà ní Yorùbá, kí a fi ọ̀rá bò ó, kí a sì gbé e kọ́ ibi tí a ti ń wẹ òkú, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Kò ná wa ní owó púpọ̀. Ẹ sì máa pe àwọn ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà tí ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń dúró ti ọ̀gá, kí wọ́n rí i, kí wọ́n bá wọn mú un, kí wọ́n tó dá a ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe tijú láti sọ pé ẹ kò tí ì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkùnrin tí ó kírun lẹ́ẹ̀mẹta kò tijú láti ní kí a kọ́ òun, ìbéèrè rẹ̀ sì ni ó di ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa títí di òní. Ẹ máa pa ìwé dé kí ẹ dán ara yín wò. Ẹ máa lọ sí ibi tí ó le fún yín, ẹ má ṣe máa jókòó sí ibi tí ó dùn nìkan.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ń ṣe ni láǹfààní, kí Ó jẹ́ kí ó dé ọwọ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni sọnù nítorí àìmọ̀ṣe wa. Àmín.